Ojú Tí Mo Fún Nora

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Thamesmead ló ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa, kí àwọn tó ń ronú ohun tí wọ́n máa fi ayé wọn ṣe lè rí nǹkan kà. Nọ́ọ̀sì mẹ́rin ti kọ tiwọn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú ti kọ tirẹ̀, ó sì dùn gan-an. Nígbà tó kàn mí, arábìnrin tó ń darí àwọn ọ̀dọ́ ní, "Mummy Fọ́tò, tiyín ló máa sweet jù. Ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò ṣe rí." Mo gbà láti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń retí ìtàn ẹni tó fẹ́ yangàn, ẹ má bínú sí mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lọlá ni orúkọ mi. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi tún fọ́tò àtijọ́ ṣe ní Woolwich, fọ́tò àwọn ará Ireland ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìbàdàn ni mo ti wá bá ọkọ mi nílùú òyìnbó níbí. Mo kọ́kọ́ ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan lẹ́yìn ọjà, pé wọ́n ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Mo wọlé, mo na ọwọ́ mi méjèèjì. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù wò wọ́n títí, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn.

Mista Moran lorúkọ bàbá náà. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń wọ kóòtù funfun bíi dókítà. Láti ìwọ̀-oòrùn Ireland ló ti wá nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, láti wá gbẹ́ ilẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé. Nígbà tí àyà rẹ̀ ò gba iṣẹ́ náà mọ́, ó kọ́ fọ́tò. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ya ìgbéyàwó àti fọ́tò ìwé ìrìnnà bíi gbogbo ayàwòrán. Yàrá ẹ̀yìn ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wà.

Ibẹ̀ ni àwọn ará Ireland tó wà ní Woolwich àti Plumstead ń kó fọ́tò wá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi Woolwich Ferry wá láti òdìkejì odò. Inú agolo bísíkíìtì ni fọ́tò wọn máa ń wà, tàbí àárín ìwé àdúrà. Bàbá kan pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin méje tí wọ́n tò bí wọ́n ṣe ga sí níwájú ilé tí wọ́n fi koríko bò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, tí ìyá rẹ̀ di apá aṣọ rẹ̀ mú. Àpótí kan ṣoṣo lọ̀pọ̀ wọn gbé wá sílùú yìí, láti wá kọ́lé, láti wá tọ́jú aláìsàn, láti wá fọ abọ́. Àwọn tó wà nínú fọ́tò ti kú, ilé tó wà lẹ́yìn wọn ti wó. Bébà kékeré yẹn ni gbogbo ilé tó ṣẹ́ kù fún wọn. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Èmi náà ní fọ́tò ìyá mi kan ṣoṣo lábẹ́ aṣọ nínú dúrọ́ọ̀.

Oṣù mẹ́fà ni Mista Moran kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan fọ́tò oníbàárà kankan. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ mi. Màá jókòó ti oníbàárà, màá bèèrè orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, abúlé tí wọ́n ti yà á, ẹni tó yà á, àti ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Màá kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan pẹ̀lú ọwọ́ tó ṣeé kà. Bí mo bá ṣi orúkọ abúlé kọ, yóò fa ojú ewé náà ya, màá tún gbogbo rẹ̀ kọ. Láràárọ̀, ó máa ń yẹ èékánná mi wò. Lọ́jọ́ kan tí òórùn òróró dídín wà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n padà sílé. Ọkọ mi bínú. "Ṣé school ni? Ọmọ ọdún mélòó lo jẹ́ lójú ọkùnrin yẹn?" Ṣùgbọ́n mo padà lọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Kí o tó fọwọ́ kan fọ́tò, kọ́kọ́ ya ẹ̀dà rẹ̀. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, má ṣe ṣí i. Ojú tó bá ti parẹ́, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta yìí ló máa ń fa ariwo. Ìyáàfin kan gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ wá tí eku ti jẹ ìdajì ojú rẹ̀. Ó bẹ Mista Moran pé kó kun ìdajì yòókù. Ó kọ̀.

"Mo lè kun ògiri," ó ní. "Mo lè kun ojú ọ̀run, mo lè kun kóòtù. Mi ò lè kun ojú bàbá yín, torí mi ò rí i rí."

Obìnrin náà fi ìbínú jáde. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti le jù. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ún.

"Lola, ìyá mi kú, mi ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Bí ẹnìkan bá kun obìnrin kan fún mi lọ́la tó ní ìyá mi nìyẹn, màá fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀."

Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Kò sí ibi tí mo lè sá sí pé mi ò mọ̀.

Ọdún kẹta ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún fọ́tò ṣe fúnra mi. Búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ ni a ń lò, pẹ̀lú yíǹkì tí a fi omi là títí tó fi dà bí òjìji. Mo kọ́ bí a ṣe ń dí ojú ìlà tí fọ́tò ti ṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ìlà wà níbẹ̀ rí. Ọwọ́ mi dára. Àwọn oníbàárà ń bèèrè mi ní orúkọ. Mo sì mọ̀ pé ọwọ́ mi dára, ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Ọdún kẹsàn-án mi níbẹ̀ ni àyà Mista Moran tún mú un, wọ́n sì gbà á sí ọsibítù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Woolwich Common. Èmi nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Bridie wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan, inú ọ̀kan nínú àwọn fúláàtì oníkọnkéré ní Thamesmead ló ń gbé, níbi tí omi ti máa ń ṣàn lára ògiri nínú ilé. Ó gbé férémù kan lé tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tuntun sílẹ̀. Nora ìyá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ireland, ó so épírọ́ọ̀nù mọ́ra, ó gbé adìyẹ kan sábẹ́ apá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Bridie nígbà tí Nora kú. Òun fúnra rẹ̀ ti ń sún mọ́ ọgọ́ta.

"Nígbà míì," ó ní, "mi ò mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ni mo rántí, àbí fọ́tò yìí."

Ọ̀rinrin ilé ti jẹ́ kí fọ́tò náà lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó fi ọdún kan péré jù ú lọ, ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó fẹ́ kí fọ́tò náà ti dára kó tó dé. Mo ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò le rárá. Kí n ya ẹ̀dà rẹ̀ láti ojú gíláàsì, kí n fi ojúlówó rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n fíìmù ti tán nínú kámẹ́rà, ní Nathan Way tó jìnnà díẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù la ti ń rà á, òjò sì ń rọ̀. Mo wo ìta. Mo wo ọwọ́ mi. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú àwo, mo ki fọ́tò àti gíláàsì rẹ̀ bọ inú rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣí. Ilé ṣí, adìyẹ ṣí, épírọ́ọ̀nù ṣí. Mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ọrùn rẹ̀, mo rọra fà á. Bébà tẹ̀ lé mi, ojú Nora kò tẹ̀ lé mi. Ó kù sára gíláàsì, ó wò mí fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó sì yọ̀ dànù bí awọ orí wàrà gbígbóná. Mo fi ìka wá a nínú omi. Omi dúdú díẹ̀ ló kù.

Ọsibítù ò jìnnà. Mo lè rìn lọ bá Mista Moran níbi tó dùbúlẹ̀ sí, kí n jẹ́wọ́ fún un. Mo lè pe Bridie. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, níbi tí fọ́tò táwọn oníbàárà ò padà wá gbà wà, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí Mista Moran tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá rẹ̀. Mo wá obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ jọ ti Nora, tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan náà. Mo rí ọ̀kan. Kò sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Inú òjò yẹn kan náà ni mo wá rìn lọ sí Nathan Way, mo lọ ra fíìmù tí mo kọ̀ láti lọ rà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo ya ojú obìnrin yẹn, mo tẹ̀ ẹ́ kó kéré tó bó ṣe yẹ, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa ojú ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ rẹ́, mo tún gbogbo rẹ̀ yà lápapọ̀. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn. Ó dùn mí láti kọ gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bridie mú fọ́tò náà lọ síbi iná, ó wò ó pẹ́. Mo di etí tábìlì mú.

"Mo ti gbàgbé pé ojú rẹ̀ rí báyìí," ó ní. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Wo àgbọ̀n rẹ̀, Lola. Àgbọ̀n ọmọ mi gan-an nìyí."

Ó dì mọ́ mi. Èmi náà dì mọ́ ọn.

Nígbà tí Mista Moran padà sẹ́nu iṣẹ́, ó rí ẹ̀dà kan tí mo fi pamọ́. Ó bèèrè fíìmù tí mo kọ́kọ́ fi ya ojúlówó. Mo ní ìmọ́lẹ̀ ti wọ inú rẹ̀, ó ti bàjẹ́. Ó fi gíláàsì kékeré tó fi ń yẹ nǹkan wò sí ojú, ó tẹjú mọ́ fọ́tò náà títí. "Ọwọ́ rẹ ti ju tèmi lọ," ó ní. Kò bèèrè mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó kú, ó sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Níbi ìsìnkú rẹ̀, Bridie jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ọ̀gá mi mọ̀.

Irọ́ náà kò dúró sójú kan. Bridie ní kí n tẹ ẹ̀dà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fún àbúrò rẹ̀ ní Birmingham, fún àwọn ìbátan ní Ireland. Mo tẹ̀ wọ́n. Ó ní kí n bá òun ṣe é sórí tánńganran kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta ibojì. Mo ṣe é, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibojì Nora. Lọ́dọọdún tí Kérésìmesì bá dé, ó máa ń gbé kéèkì wá fún mi. Àwọn ọmọ mi ló ń jẹ ẹ́, mi ò lè jẹ ẹ́. Nígbà tí Bridie kú, fọ́tò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní kí n fi í sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo fi í síbẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn, irinṣẹ́ ń yí padà. Kẹ́míkà àti yàrá òkùnkùn lọ, ẹ̀rọ tó ń fọ fíìmù láàárín wákàtí kan dé. Ìyẹn náà kógbá sílé, kọ̀ǹpútà dé. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún nígbà tí mo lọ kọ́ ọ láàárín àwọn ọmọdé. Ẹ̀rọ náà máa ń ya ẹ̀dà fọ́tò kí o tó sín tán, kò sì fọwọ́ kàn án. Mo rò ó pé ká ní mo ní i lọ́jọ́ náà. Nísinsìnyí, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè dá ojú tó ti parẹ́ padà, kó la ojú òkú, kó jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ-ọmọ mi fi hàn mí, wọ́n ń pariwo, "Grandma, look!" Mo dìde lọ síbi ìdáná.

Lẹ́yìn tí mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, ẹgbẹ́ àwọn ará Ireland tó wà ní Woolwich ní kí n bá àwọn ṣe àfihàn fọ́tò ìdílé wọn, kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí lè mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Mo kó gbogbo ìwé ńlá Mista Moran wọ inú kọ̀ǹpútà. Níbi ìpàdé wọn, alága ní èmi ni mo tọ́jú ìrántí wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dìde, mo tẹrí ba.

Clare wà lára àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ Bridie ni, Nana ló máa ń pe Bridie. Òun àti Tósìn ọmọbìnrin mi jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Thamesmead, Auntie ló sì ti ń pè mí láti kékeré. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ó wá sílé mi pẹ̀lú àpò ìwé kan. Ìbátan wọn ní Ireland ti rí fọ́tò ìgbéyàwó kan nínú ẹrù àtijọ́, ẹnìkan sì ti fi yíǹkì kọ orúkọ Nora àti ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n Auntie, ẹ wò ó," Clare ní. "Kò jọ Nora rárá. Gbogbo ẹbí ti gbà pé wọ́n ṣi orúkọ kọ ni. A fẹ́ kọ 'A kò mọ obìnrin yìí' sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa la ṣáà mọ ojú Nora. Mo kàn fẹ́ kí ẹ bá wa wò ó kó dájú."

Mo wò ó. Iwájú orí rẹ̀ fẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu Bridie ni. Nora dé lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ sọ fún un pé àwọn ò mọ̀ ọ́n.

Kí ni mo sọ? Mo ní, "Fi í sílẹ̀ fún mi, jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í. Lọ́jọ́ kẹta, Tósìn yà wá kí mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mum, so ẹ ti mọ̀ láti ìgbà yẹn? Gbogbo kéèkì tá a jẹ yẹn?"

"Mo mọ̀."

"You have to tell her. Ẹ má fi WhatsApp ṣe é o. Ẹ pè é wá, kí ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀."

Clare wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Mo po tíì fún un. Mi ò jẹ́ kó mu ún kí n tó sọ̀rọ̀, torí mo mọ̀ pé bí mo bá dúró, màá tún sá.

"Fọ́tò tó wá láti Ireland, Nora ni. Èyí tí ẹ ní nílé, ojú rẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀. Fọ́tò tí ìyá àgbà yín gbé wá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo fi ojú ẹlòmíràn sí i."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé mo ń ṣeré. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi.

"Nana máa ń fẹnu ko fọ́tò yẹn ní gbogbo àárọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?" Ó dìde. "Ẹ wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Ìlà iwájú lẹ jókòó sí. Ó ń sọ fún gbogbo wa pé ẹ̀yin lẹ dá ìyá òun padà fún òun."

Ó mú fọ́tò ìgbéyàwó náà, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ta wá ni obìnrin náà? Èyí tí Nana ń fẹnu kò?"

"Mi ò mọ̀," mo ní.

Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, èyí ló tì mí lójú jù. Mo ti jí ojú obìnrin kan, mi ò bèèrè orúkọ rẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó gbúròó Clare. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ kò ní ìkíni. Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ohun tí mo ṣe, kí n buwọ́ lù ú, kí n sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó gba ẹ̀dà fọ́tò náà. Mo kọ lẹ́tà mọ́kànlá. Láti Amẹ́ríkà, wọ́n dá fọ́tò náà padà ní yíya sí méjì. Àbúrò Bridie ní Birmingham kọ̀wé pé òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n má kọ̀wé sí òun mọ́. Láti Ireland, kò sí lẹ́tà. Àpótí kékeré kan ló dé, tánńganran tí wọ́n fà yọ lára ibojì Nora wà nínú rẹ̀, wọ́n fi òwú wé e.

Mo sọ fún ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú. Àwọn kan ní kí a jẹ́ kó sùn. Alága kò gbà. Ó yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tó máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí àfihàn náà, mo sì mọ̀ pé ó tọ̀nà. Mo dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Nora wà láàárín ògiri pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn ń dúró níwájú rẹ̀. Clare wá dúró ní apá ọ̀dọ̀ mi, kò sún mọ́ mi jù.

"Ẹnu Nana nìyẹn," ó ní.

"Ẹnu rẹ̀ gan-an ni."

Kò pè mí ní Auntie mọ́. Lola ló ń pè mí báyìí, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, mi ò ní kí ẹ má ṣe iṣẹ́ tí mo ṣe. Ó dára, àwọn tó ń ṣe é kò sì pọ̀. Fọ́tò máa bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, nǹkan máa bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yòówù kí ẹ yàn. Mo ti dárí èyí tí mo ki bọ omi ji ara mi. Ọ̀sán Ẹtì tí Bridie wo àgbọ̀n yẹn, tí mo dákẹ́, ni mi ò tíì lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Fọ́tò obìnrin tí mo jí ojú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnìkan fẹ́ràn rẹ̀ tó láti gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, nǹkan kan ló sì dí onítọ̀hún lọ́wọ́ tí kò fi padà wá. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn àgbà ará Ireland máa ń jẹun ọ̀sán pọ̀ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ náà. Mo máa ń gbé e lọ láti tábìlì dé tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ obìnrin yìí?" Wọ́n á wọ awò ojú wọn, wọ́n á wò ó dáadáa, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó lè mọ̀ ọ́n ń dín kù. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, tábìlì méjì péré lèèyàn jókòó sí. Mo dé ìdí méjèèjì.